Àwọn Tó Tẹ Ìlú Ìrèké Dó ní Hawaii

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026 ni yóò pé 80 ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké Hawaii ju àdá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Bó bá di oṣù Kejìlá, yóò pé 120 ọdún tí àwọn ará Philippines 15 àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Honolulu, yóò sì pé ọdún 10 tí oko ìrèké ńlá tó ṣẹ́kù kẹ́yìn, ti Puunene ní erékùṣù Maui, kógbá sílé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà ìyanṣẹ́lódì yẹn ti di ẹni 100 ọdún bó bá ṣì wà láyé. Àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàn olówó sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ń sọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ta ló tẹ Lanai City dó, wọ́n á dárúkọ James Dole, ọlọ́pẹ òyìnbó. Bó bá jẹ́ ti Puunene, Alexander àti Baldwin, àwọn oníléeṣẹ́ ṣúgà, ni wọ́n á dárúkọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó, tó dáná síbẹ̀, tí wọ́n sì sin òkú rẹ̀ síbẹ̀, ni a ń pè ní ẹni tó tẹ ìlú dó. Mo fẹ́ sọ tọ̀tún tòsì nínú ìtàn yìí. Owó àwọn oníléeṣẹ́ ló ra ẹ̀rọ, òun ló sì sanwó ọ̀nà omi tó ń gba ara òkè wá sí ilẹ̀ gbígbẹ. N kò ní í fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbẹ́ ọ̀nà omi náà, ọwọ́ tó gbin ìrèké tó sì bẹ́ ẹ, ọwọ́ ẹlòmíì ni.

Kí a tó dé orí àwọn àlejò, ẹ jẹ́ ká kí onílẹ̀. Kamehameha Kìíní ló so àwọn erékùṣù náà pọ̀ di ìjọba kan ní 1810. Ó wàjà ní 1819. Ọmọ rẹ̀, Kamehameha Kejì, gun orí ìtẹ́, London ló sì kú sí ní 1824. Kamehameha Kẹta jẹ títí di 1854. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kamehameha Kẹrin àti Karùn-ún, lẹ́yìn wọn ni Lunalilo tí kò lò tó ọdún méjì, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kalakaua tó jẹ láti 1874 sí 1891, kó tó wá kan àbúrò rẹ̀ obìnrin, Liliuokalani. Àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń jẹ lára ìrèké ló rọ obabìnrin yìí lóyè ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1893, ológun ojú omi Amẹ́ríkà sì dúró tì wọ́n. Sanford Dole ni wọ́n fi ṣe olórí ìjọba tó rọ́pò rẹ̀. Ẹbí James Dole ọlọ́pẹ òyìnbó ni.

Lábẹ́ Kamehameha Kẹta ni ìrèké ti di òwò. Ní 1835 ni ilé-iṣẹ́ Ladd gba ilẹ̀ ní Koloa, ní erékùṣù Kauai, ọmọ onílẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Sẹ́ǹtì 12 àbọ̀ ni wọ́n ń san lóòjọ́, wọn kò sì fi owó gidi san án: bébà tí ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ nìkan ń gbà ni. Ní 1841 àwọn òṣìṣẹ́ náà dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní sẹ́ǹtì 25 làwọn ń fẹ́. Wọn ò rí i gbà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àlejò ló kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní ìjà. Ní 1848 ọba pín ilẹ̀. Ní 1850 òfin gba àjèjì láyè láti ra ilẹ̀. Ọdún 1850 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tó sọ pé ẹni tó bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé yóò san án padà pẹ̀lú àfikún ọjọ́ iṣẹ́ tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n. Gbogbo àsìkò yẹn, àrùn táwọn òyìnbó kó wá ń pa ọmọ onílẹ̀ lọ. Nígbà tó fi di 1890, bí 40,000 péré ló kù, a ti ka àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ àjèjì mọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni wíwá ènìyàn kiri ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1852 ni ọkọ̀ Thetis kó àwọn ará Ṣáínà dé, ọdún márùn-ún ni àdéhùn wọn, dọ́là mẹ́ta ni owó oṣù. Ní 1868 àwọn bí 150 dé láti Japan. Ní 1878 àwọn ará Pọtugí bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Madeira àti Azores. Ọkọ̀ Ravenscrag tó gúnlẹ̀ ní 1879 ló gbé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣe ohun èlò orin ukulele àkọ́kọ́ wá. Ní 1875 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn tó yọ owó ibodè kúrò lórí ṣúgà Hawaii. Bí tọ́ọ̀nù 12,500 ni wọ́n ń kó jáde lọ́dún nígbà náà; nígbà tó fi di 1898 ó ti ju 200,000 lọ. Ènìyàn kò tó. Kalakaua rìnrìn-àjò lọ sí Japan ní 1881, ó bá ọba ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ní 1885 sì ni ọkọ̀ City of Tokio kó àwọn tó lé ní 900 wá. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1900, nínú bí 154,000, bí 61,000 ló jẹ́ ará Japan. Àwọn ará Puerto Rico dé lọ́dún yẹn, àwọn ará Kòríà dé ní 1903, ti Philippines dé ní 1906.

Ẹni tó mọ ètò ìwọ̀fà yóò tètè lóye irú iṣẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀: o kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n o kò lè dìde lọ. Bí ènìyàn bá ti fọwọ́ síwèé, wọ́n á fún un ní bango, irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n lu nọ́ńbà sí lára, tó ń gbé kọ́rùn tàbí kó so ó mọ́ ìgbànú. Nọ́ńbà yẹn ni luna, alábòójútó orí ẹṣin, fi ń pè é. Òun ló ń fi hàn kó tó gbowó oṣù, òun náà ló ń fi gba ìrẹsì àti ẹja láwìn ní ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́, tí wọ́n á ti yọ owó rẹ̀ kí kọ́bọ̀ tó kan ọwọ́ rẹ̀. Ènìyàn tí ìyá bí, tí wọ́n sọ lórúkọ lójú ẹbí, wá di 4,000 lé díẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ ilé baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìrèké kàn wá nílé. Erékùṣù ni Kúbà náà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń pè ní Lukumi ló wà lára àwọn tó bẹ́ ìrèké rẹ̀ títí wọ́n fi fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1886. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1843, ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà Triunvirato ní Matanzas, obìnrin Lukumi kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ tó dìde níbẹ̀; wọ́n pa á sẹ́nu rẹ̀. Ti Kúbà burú ju ti Hawaii lọ fíìfíì, n kò ní í fi wọ́n wé ara wọn. Hawaii ní owó oṣù, àdéhùn rẹ̀ sì ní ọjọ́ ìparí. Ṣùgbọ́n ọmọ ìran Carlota tó bá ń ka ìtàn Hawaii kò lè jókòó bí ẹni tí kò kàn.

Ọgbọ́n àwọn oníléeṣẹ́ ni pé kí ẹ̀yà kan má pọ̀ jù. Ibùdó ará Japan dá wà, ti Pọtugí dá wà, ti Philippines dá wà, owó wọn náà kò dọ́gba. Ní 1909, ará Pọtugí ń gba dọ́là 22 àbọ̀ lóṣù, ará Japan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń gba 18. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kan àtàrí, wọ́n á jókòó sétí oko, wọ́n á ṣí agolo oúnjẹ wọn, alájà méjì: ìrẹsì nísàlẹ̀, ọbẹ̀ tàbí ẹja lókè. Ẹni tó ní kimchi ti Kòríà á fún ẹni tó ní adobo ti Philippines, ẹni tó ní sọ́séèjì Pọtugí á mú lára ohun tí ará Japan fi iyọ̀ pa mọ́. Ibẹ̀ ni oúnjẹ Hawaii òde òní ti wá, ibẹ̀ náà sì ni èdè àdàlú wọn gbé dàgbà. Àwọn obìnrin Japan tó ń ya ewé gbígbẹ kúrò lára ìrèké máa ń fi aṣọ di ara láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí ewé tó mú bí abẹ, ẹlòmíì pọn ọmọ. Orin ni wọ́n fi ń sọ ohun tí wọn kò lè sọ lójú luna.

Ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ kí ìjà tó di ti gbogbo wọn. Katsu Goto, tó bá ọkọ̀ 1885 dé, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Honokaa tó sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ gbẹnu sọ, ni wọ́n bá lórí òpó tẹlifóònù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1889. Wọ́n ti yẹgi fún un. Ní 1909, 7,000 ará Japan dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Oahu. Wọ́n ju àwọn olórí wọn sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà àwọn oníléeṣẹ́ mú owó wọn dọ́gba. Ní 1920, ará Japan àti ará Philippines jọ jáde. Àwọn oníléeṣẹ́ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé nígbà tí àrùn gágá ń jà, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1924, ní Hanapepe, àwọn òṣìṣẹ́ Philippines mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ dání. Mímú yẹn kò dára, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá dé pẹ̀lú ìbọn. Nígbà tí ó parí, òṣìṣẹ́ 16 àti ọlọ́pàá mẹ́rin ti kú. Ẹni tó bá fi ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n mú wé òṣìṣẹ́ 16 tó kú yóò mọ ẹni tó yẹ kó dáhùn.

Ìjà tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1946, n kò sì ní í fi pa mọ́. Láti 1941 sí 1944 ni ìjọba ológun so òṣìṣẹ́ mọ́ oko, tí owó oṣù sì dúró sójú kan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, òfin ọdún 1945 fún òṣìṣẹ́ oko ní ẹ̀tọ́ láti ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ILWU, tí Jack Hall jẹ́ olórí rẹ̀ ní Hawaii, wọ oko kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníléeṣẹ́ mọ̀ pé ìjà ń bọ̀, wọ́n kó 6,000 ọkùnrin tuntun wá láti Philippines, wọ́n rò pé àwọn yẹn ni yóò dojú ìyanṣẹ́lódì dé. Ẹgbẹ́ fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ sínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́! Ìpàdé ń lọ ní èdè Ilocano ti àwọn ará Philippines, ó ń lọ ní èdè Japan, ó ń lọ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹ̀yà ló sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, oko 33 nínú 34 ló dákẹ́. Òṣìṣẹ́ 26,000 ló jáde. Bí a bá ka ìyàwó àti ọmọ, 76,000 ni. Àwọn kan ń lọ pẹja, àwọn kan ń ṣọdẹ lórí òkè, àwọn kan gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń dáná oúnjẹ gbogbo gbò nínú ibùdó. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn tí wọ́n fi ọgbà pín fún ọdún gbọọrọ ń jẹ nínú ìkòkò kan. Ọjọ́ 79 ló gbà. Owó wọn pọ̀ sí i, ilé àti ìtọ́jú tí wọ́n ń fún wọn bí ìtọrẹ àánú sì di owó gidi tí ènìyàn ń gbà lọ́wọ́. Agbára ilé-iṣẹ́ márùn-ún tó ti ń ṣàkóso Hawaii láti ìgbà pípẹ́, Castle & Cooke, Alexander & Baldwin, C. Brewer, American Factors àti Theo H. Davies, kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ti ọ̀pẹ òyìnbó kò rọrùn bẹ́ẹ̀. James Dole dé ní 1899, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1901 ní Wahiawa, ó sì ra fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo erékùṣù Lanai ní 1922 ní dọ́là mílíọ̀nù 1.1. Ìyanṣẹ́lódì ọ̀pẹ òyìnbó ní 1947 kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ló pàdánù. Àwọn ará Lanai, tó jẹ́ pé Philippines ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, kò gbàgbé. Ní 1951 wọ́n dá dúró fún ọjọ́ 201, èso ń jẹrà lóko, wọ́n sì gba àfikún sẹ́ǹtì 15 fún wákàtí kan.

Èyí tó ṣẹ̀yìn rẹ̀ kò gùn. Hawaii di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1959. George Ariyoshi, ọmọ ìran ará Japan, di gómìnà ní 1974, Ben Cayetano, ọmọ ìran ará Philippines, ní 1994. Iṣẹ́ ọ̀pẹ òyìnbó kúrò ní Lanai ní 1992, ilé-iṣẹ́ ṣúgà Oahu tó wà ní Waipahu kógbá sílé ní 1995, Puunene sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2016.

Ìdájọ́ mi ni pé àwọn tó gbé bango kọ́rùn ló tẹ àwọn ìlú wọ̀nyí dó, lórí ilẹ̀ ọmọ Hawaii. Àwọn ará Hawaii ti ń ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí i. Ní Waipahu wọ́n tọ́jú irú ilé tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbé. Láti 1976 ni yunifásítì wọn sì ti ń gba ohùn àwọn àgbà oko sílẹ̀. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì tiwa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà lọ sí Matanzas, lọ sí Bahia, lọ sí Trinidad, níbi tí ìran wa ti bẹ́ ìrèké, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ ní èdè Yorùbá. Kí wọ́n má dúró de ọdún àjọ̀dún kankan.