Taghaza, Ìlú Tí Wọ́n Fi Iyọ̀ Kọ́



Àwa tí a wà ní Lomé kì í ka iyọ̀ sí nǹkan ńlá. Òkun wà nítòsí wa. Ọ̀sà Keta náà kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń kó iyọ̀ láti ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí, nílẹ̀ Mali, wúrà ni wọ́n fi ń ra iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ibi tí iyọ̀ náà ti ń wá.

Taghaza ni orúkọ ibẹ̀. Àárín aṣálẹ̀ Sàhárà ló wà, ní àríwá orílẹ̀-èdè Mali òde òní. Ní ọdún 1352, arìnrìn-àjò kan dé ibẹ̀, Ibn Battuta, ọmọ Tangier ní Mòrókò. Ọjọ́ 25 ni òun àti àwọn oníṣòwò fi rìn láti Sijilmasa. Ó ní kò sí igi kankan níbẹ̀, iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n gé bí òkúta ni wọ́n fi mọ ilé àti mọ́ṣáláṣí. Awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bo òrùlé. Omi ibẹ̀ níyọ̀ lẹ́nu, eṣinṣin sì pọ̀. Ọjọ́ 10 ló fi fara dà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí iyọ̀ náà? Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì bá a ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni pé ènìyàn ló tò ó. Pẹlẹbẹ méjì ni ẹrù ràkúnmí kan. Ẹrú àwọn ẹ̀yà Masufa ló ń wà á. Nǹkan kan kì í hù níbẹ̀, nítorí náà dàbínù láti Mòrókò, jéró láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, àti ẹran ràkúnmí ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ wá gbọ́ iye rẹ̀. Mítíkálì ni wọ́n fi ń wọn wúrà láyé ìgbà náà. Ní Walata, ẹrù kan jẹ́ mítíkálì 8 sí 10. Ní olú-ìlú Mali, ó di 20 sí 30, nígbà mìíràn 40. Ẹ ṣírò ó: 10 di 40, ìlọ́po mẹ́rin! Ẹrú kì í bá wọn pín èrè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, arìnrìn-àjò mìíràn, Leo Africanus, lo ọjọ́ 3 níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìrìn 20 ọjọ́ ni oúnjẹ fi jìnnà sí wọn. Bí oúnjẹ kò bá tètè dé, òkú àwọn awayọ̀ ni wọ́n máa ń bá nínú ahéré nígbà mìíràn.

Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ọba Mòrókò àti ọba Songhai ń du Taghaza. Iṣẹ́ náà ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí Taoudenni. Láyé tiwa yìí náà, ràkúnmí ṣì ru iyọ̀ Taoudenni wá sí Timbuktu.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa, ìyá kan tó ń ta iyọ̀ bi mí pé: “Tíṣà, kí ni orúkọ àwọn tó ń wa iyọ̀ náà?”

Mo ní: “Ìyá, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.”

Àlejò tó lo ọjọ́ 10, a mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó wà nínú ìwé. Àwọn tó lo gbogbo ayé wọn níbẹ̀, orúkọ wọn ti rá.

Ìyá náà ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ iye tó ra iyọ̀ àti iye tó tà á.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín. Ó dìgbà kan ná.