Kí 6-3-3-4 Tó Dé, Ayétòrò Ti Ń Ṣe É

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ló kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ Social Studies wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Àwọn kan tún fi kún un pé, nígbà tí ẹ̀rọ tí ìjọba kó wá fún iṣẹ́ ọwọ́ náà ti dípẹtà sínú àpótí, ọ̀nà ẹ̀kọ́ náà ti kùnà nìyẹn. Àṣìṣe méjì ni, èkejì ló sì burú jù.

Ọdún 1963 ni Comprehensive High School ṣílẹ̀kùn ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀, Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Harvard sì bá wọn tò ó. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí orí rẹ̀ pé ń lọ kọ́ Látìn. Èyí tí wọ́n kà sí olódo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dàn tàbí sọ́dọ̀ káfíńtà. Ayétòrò kò gba ìyẹn. Iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ igi àti irin, ìṣòwò, ìtọ́jú ilé, sáyẹ́ǹsì àti lítíréṣọ̀, gbogbo wọn wà lábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ á tọ́ wọn wò kó tó yan tirẹ̀. Ibẹ̀ wà lára ibi tí Social Studies ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí àpérò ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó wáyé ní 1969, kí ìlànà ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 1977, wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ti àṣìṣe kejì: ẹ̀rọ kọ́ ni ọ̀nà. Ẹ̀rọ ètò 6-3-3-4 dé ibi tí kò sí iná, tí kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ohun tó ń mú ọmọ jí nínú kíláàsì ni kí ẹ̀kọ́ bá a níbi tó ti mọ nǹkan. Ẹ wo Ìlárá, ìlú tó fi ẹsẹ̀ kan wà ní Nàìjíríà, tó fi ọ̀kan wà ní Benin. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ níbẹ̀ ń ṣẹ́ sẹ́fà, owó Benin, sí náírà lórí, láìfọwọ́ kan bírò. Kó dé kíláàsì, olùkọ́ kọ ìpín àti ìdá sójú pátákó, ọmọ náà sùn, a ní ọmọ ẹnubodè kì í fẹ́ ìwé. Mi ò gbà. Ẹ ní kó ṣírò èrè ogún kóńgò gàrí tí wọ́n fi náírà rà, tí wọ́n sì tà ní sẹ́fà ní Kétu ti Benin, kí ẹ wò ó bóyá yóò sùn. Ẹfun kan ló tó fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àti olùkọ́ tó béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó wọlé.