Owó Pẹ́ńṣàn àti Káàdì Alájọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lójú yín. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ní Ìtòrí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, ẹ ò lè jókòó ti àwọn àgbà pẹ́ títí kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ.

Òfin pẹ́ńṣàn tí òyìnbó ṣe lọ́dún 1951 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Òfin ọdún 1979 ló wá to ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: gírátíútì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ́ńṣàn lóṣooṣù títí ikú, láìyọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù wọn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n inú ìsúná ìjọba lọ́dọọdún ni owó náà ti ń wá. Bí ìjọba ò bá gbé e kalẹ̀, arúgbó á máa wo ojú ọ̀nà.

Bàbá àgbà mi jẹ nínú ìyà yìí. N ò ní dárúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní kó wá fi ara hàn pé òun ò tí ì kú. Á wẹ̀, á wọ agbádá, á di fáìlì mọ́ àyà bí ẹni tó ń lọ sóde ìyàwó. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé. Ó délé, ó ní, "Wọ́n ní mi ò sí." A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu níbí, buwọ́ lu òfin tuntun. Òṣìṣẹ́ á dá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ á dá 7.5, owó á wọ àkáǹtì tó lórúkọ òṣìṣẹ́ lára, PenCom á máa ṣọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀. Lọ́dún 2014 ó di 8 àti 10.

Àwọn kan ní owó tó lórúkọ ẹni lára sàn ju ìlérí lọ. Àwọn mìíràn ní díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń fún àwọn yìí, ṣé òun lèèyàn fẹ́ fi parí ilé? Wọ́n yọ àwọn sójà kúrò nínú ẹ̀ lọ́dún 2011. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wọ́de l'Ábùjá, wọ́n láwọn náà fẹ́ jáde. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2006. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti pariwo léraléra pé owó tí wọ́n ń yọ kì í dé àkáǹtì.

Ní tèmi o, kì í ṣe ìfowópamọ́ ló ń bí wọn nínú. Ṣebí à ń dá èsúsú kí òyìnbó tó dé. Ìyá tó ń ta láfún ń fún alájọ lówó lójoojúmọ́, torí ó mọ ilé ẹ̀, ó mọ ìyàwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, John Yakubu Yusufu jẹ́wọ́ pé òun wà nínú àwọn tó kó owó pẹ́ńṣàn ọlọ́pàá jẹ, owó tó lé ní bílíọ̀nù ogún náírà. Adájọ́ ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san ₦750,000. Ó sanwó. Gbogbo ìlú figbe ta! Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Ta ló fẹ́ gbàgbé ìyẹn?

Nígbà tí bàbá àgbà kú, a ṣí àpótí ẹ̀. Káàdì àjọ àti fáìlì pẹ́ńṣàn jọ wà níbẹ̀. Bàbá ti gba gbogbo owó tó wà nínú káàdì. Ti fáìlì, bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń bá a kiri.