Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Ìsán ilẹ̀

Ibi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti sán, tí apá kan sì yọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Yíyọ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ń wa gáàsì. Gáàsì kì í wà nínú ihò gbàǹgbà. Ojú wẹ́wẹ́ inú òkúta, bí òkúta oníyanrìn, ló ń gbé. Bí iyanrìn bá yọ̀ débi tó fi kọjú sí amọ̀ tó ti di òkúta, ọ̀nà dí nìyẹn: kànga apá kan lè má rí gáàsì apá kejì fà rárá. Ìpele amọ̀ bẹ́ẹ̀ tún lè pààlà sáàárín ìpele iyanrìn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, lójú òkun lápá Àgbádárìgì ni pápá epo àti gáàsì Aje wà, tí wọ́n rí ní 1996. Gáàsì pọ̀ ní ìpele òkè rẹ̀. Epo ìpele ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fà, ní 2016.