Amánà Ni Ẹ̀rọ Mọ́sálásí

Bí ohùn ládàánì bá ń dún láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, ó lè ṣe àwọn ọmọ wa bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ọ̀fun nìkan ni ládàánì ní. Nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn oníwéré ni wọ́n ń lu ìlù kiri àdúgbò láti jí wa fún sààrì. Ọ̀fun kì í wúwo, a kì í sì í gbé e lọ sí Èkó fún àtúnṣe. Ẹ̀rọ ni ó kó ẹrù yìí wá.

Ní 1915 ni Peter Jensen àti Edwin Pridham fi sípíkà alágbára han àwọn èèyàn ní San Francisco, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí yóò fi di 1936, Mọ́sálásí Sultan ní Singapore ti ń fi irú rẹ̀ pe ìrun. Nílẹ̀ tiwa, 1935 ni ìjọba amúnisìn fi wáyà fa rédíò wọ inú ilé ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Àwọn àgbà pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kò sì ní etí tí yóò fi gbọ́ èsì. Àpótí kékeré ni ti inú ilé. Ẹ̀rọ ńlá wà ní ibùdó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, tẹlifíṣọ̀n náà dé Ìbàdàn.

Kí ni ó mú ẹ̀rọ wọ̀nyí wúwo? Irin àti bàbà tí wọ́n fi ṣe tiransifọ́ma inú ámpílífáyà ni, pẹ̀lú òòfà ńlá tí ó wà nídìí sípíkà. Kí ọ̀nà reluwé Èkó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1901, orí alááàrù ni ẹrù ń gbà wọ̀lú. Ní 1978, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìrìn-àjò sì yá sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yá kò ní kí ẹrù má fọ́. A fi ojú wa rí i.

Ní 1989, ámpílífáyà ilé kéwú wa ní Bẹ́yẹrúnká dákẹ́ nígbà tí wòlímọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó tí àwọn ìyá ọmọ dá ni a fi rà á. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ládùúgbò ní òun kò rí ẹ̀yà rẹ̀, kí a gbé e lọ sí Èkó. A rán àwọn ọ̀dọ́ méjì. Wọ́n fi orí rù ú gba ọ̀nà tóóró já sí Bẹẹrẹ, wọ́n wọ mọ́tò. Awakọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó gbé àpò gàrí lé e.

Nígbà tí wọ́n ṣí i l'Ékòó, tiransifọ́ma ti já kúrò nídìí rẹ̀, ó ti fọ́ pátákó tí àwọn wáyà kéékèèké wà lórí rẹ̀. Ìròyìn dé ilé pé àrùn kan ni a rán wọn, àrùn méjì ni wọ́n gbé débẹ̀. Ni àwọn kan bá ń sọ pé àwọn ọmọ náà ti tú ẹ̀yà inú rẹ̀ tà. Baba ọ̀kan nínú wọn kò wá sí mọ́sálásí mọ́. Àwa tí a rán wọn dákẹ́; ẹ̀bi tiwa nìyẹn.

Nígbà tí àwa fúnra wa dé Èkó, oníṣẹ́ fi bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn wá nínú àpótí náà, ẹ̀yà kankan kò sọnù. Kò sí olè níbẹ̀. A rán ọmọ níṣẹ́ ni, a kò kọ́ ọ ní bí yóò ṣe jẹ́ ẹ. A padà, a dìde lẹ́yìn ìrun àlàásárì, a bẹ àwọn ọmọ náà àti baba wọn lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀fun lásán ni àwọn ọmọ wa fi ka Àlùkùráánì ní wòlímọ̀ ọdún náà, gbogbo wa sì gbọ́.

Láti ìgbà náà, ìlànà wa nìyí. A ó kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, àrùn rẹ̀ àti ohun tó bá a lọ sínú ìwé, ẹni tó fi fúnni àti ẹni tó gbà á yóò fọwọ́ sí i. A ó fi fóòmù wé e, yóò sì jókòó bí ó ṣe ń jókòó nílé. A kì í dà á dé, a kì í gbé nǹkan lé e. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní gílóòbù, a ó yọ wọn, a ó wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bátìrì olómi kì í bá a gbé ojú kan, kásẹ́ẹ̀tì kì í sì í sún mọ́ sípíkà, nítorí òòfà lè pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́. Èèyàn méjì ni yóò máa bá a lọ.

Láti 2021, reluwé tuntun ti ń sáré láàrin Èkó àti Ìbàdàn, síbẹ̀ ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Ànábì wa kọ́ ọkùnrin kan pé kí ó kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀, kí ó tó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ kí a so ẹrù wa dáadáa. Orúkọ ọmọlọ́mọ náà, amánà ni. Bí òun bá fọ́, kò sí oníṣẹ́ tí yóò tún un ṣe l'Ékòó.