Ta Ló Wà Nínú Àpótí? Ìtàn Ẹ̀rọ Tí Ń Ta Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń bá kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Alátakò wọn kò lójú, kò nímú, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bínú, síbẹ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi há ọba wọn mọ́. Àwọn òbí a máa béèrè pé: ta ni ọmọ yìí tilẹ̀ ń bá ta ayò? Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àbí ó kàn ń fi àkókò ṣòfò? Ìbéèrè gidi ni, ìtàn ni ó sì lè dáhùn rẹ̀.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ayò yìí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Páṣíà kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Páṣíà ní ọ̀rúndún keje, àwọn Lárúbáwá gbà á, wọ́n sì ń pè é ní shatranj. Kò sí dáìsì níbẹ̀ bí ti lúdò. Bí ayò ọlọ́pọ́n tiwa ni, ìrònú ẹni ni agbára ẹni. Àwọn àáfà àtijọ́ ṣe awuyewuye lórí rẹ̀. Àwọn kan kà á léèwọ̀. Imam Shafi'i kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á léèwọ̀. Ohun tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé a kò gbọdọ̀ fi ta tẹ́tẹ́, kò sì gbọdọ̀ mú ẹni pa ìrun jẹ.

Ní Baghdad, nígbà tí al-Muktafi jẹ́ Kálífà láàárín 902 sí 908, Abu Bakr as-Suli bá al-Mawardi tí í ṣe ọ̀ta ayò ní ààfin díje, ó sì borí rẹ̀. As-Suli kọ ìwé lórí ayò náà, ó sì fi àdììtú kan sílẹ̀: ó to àwọn ọmọ ayò sójú pátákó, ó ní kò sí ẹni tí ó lè yanjú rẹ̀ àfi ẹni tí òun bá kọ́. Ó lé ní 1,000 ọdún kí Yuri Averbakh, ọ̀ta ará Rọ́ṣíà, tó yanjú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. As-Suli ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bá àwọn alààyè ta ayò. Alátakò tí a kò fojú rí kò bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Inú ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Baghdad kan náà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kan ṣáájú, al-Khwarizmi kọ ìwé lórí ìṣirò. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn, orúkọ rẹ̀ ni ó di algorithm lẹ́nu wọn, èyí tí í ṣe ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ láti yanjú ìṣòro. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́.

Ní 1770, ní ìlú Vienna, Wolfgang von Kempelen gbé ẹ̀rọ kan wá síwájú Ọbabìnrin Maria Theresa: ère ọkùnrin tí ó wé láwàní bí ará Tọ́kì, tí ó jókòó sẹ́yìn àpótí ńlá. Yóò ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà kí àwọn ènìyàn rí àwọn irin inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ère yóò máa ta ayò. Ní 1809, ó bá Napoleon pàápàá ta á, ó sì borí. Ẹ̀tàn ni! Ọ̀ta kan ni ó ká jọ sínú àpótí, tí ó ń darí ọwọ́ ère. Iná ni ó jó ẹ̀rọ náà ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní 1854.

Ní 1912, Leonardo Torres Quevedo, ará Sípéènì, ṣe ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Ìparí ayò nìkan ni ó mọ̀: yóò fi ọba àti ilé-ìṣọ́ kan há ọba alátakò tí ó ṣẹ́kù ní òun nìkan. Lẹ́yìn náà ni Alan Turing, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìlànà tí ẹ̀rọ lè fi ta odidi ayò, ṣùgbọ́n kò rí kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé e. Ní 1952, òun fúnra rẹ̀ jókòó bí ẹ̀rọ, ó ń fi bébà ṣírò; ìgbésẹ̀ kan a máa gbà tó ìdajì wákàtí. Ènìyàn tún ni ó wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí gbangba ni.

Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, ni ó la ọ̀nà náà yékéyéké ní 1950. Kí ẹ̀rọ máa wo iwájú: bí mo bá rìn báyìí, kí ni alátakò yóò ṣe? Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni èmi náà yóò ṣe? Kí ó sì fi máàkì díwọ̀n ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí: ọmọ ogun 1, ẹlẹ́ṣin 3, bíṣọ́ọ̀bù 3, ilé-ìṣọ́ 5, ayaba 9. Kò sí idán níbẹ̀.

Ní 1977, ẹ̀rọ kékeré tí ń jẹ́ Chess Challenger bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò ní ẹnìkejì sì rí alátakò. Ní oṣù kejì 1996, ní Philadelphia kan náà tí àpótí ẹ̀tàn ti jóná, Deep Blue ti ilé-iṣẹ́ IBM pàdé Garry Kasparov. Kasparov borí pẹ̀lú 4 sí 2. Ní oṣù karùn-ún 1997, ní New York, Deep Blue gba ẹ̀san pẹ̀lú 3½ sí 2½. Nǹkan bí mílíọ̀nù 200 ipò ni ó ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀ta ayò wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ.

Ní 2017, AlphaZero dé. Òfin ayò nìkan ni wọ́n fún un. Ó ń bá ara rẹ̀ ta á títí ó fi gbọ́n, ó sì bá Stockfish, tí òun náà jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ta 100 ayò láìpàdánù ẹyọ kan. Ẹnì kan lè wí pé ènìyàn kò sí nínú àpótí mọ́. Ta wá ni ó kọ ìlànà tí ó fi ń kọ́ ara rẹ̀? Ènìyàn ni.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Láyé Kempelen, ènìyàn ni ó fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Lónìí, ẹ̀rọ ni àwọn kan ń fi pamọ́ sínú àpò. Ní 2019, wọ́n ká ọ̀ta ńlá kan mọ́ ilé ìyàgbẹ́ pẹ̀lú fóònù níbi ìdíje kan ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Wọ́n gba oyè tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rọ yìí lè ṣe olùkọ́ fún yín bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù sí ìwọ̀n tiyín. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ fúnra yín kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ti ṣì í rìn, kí ẹ tó bi í léèrè. Ẹni tí ó bá ń béèrè kí ó tó ronú, ẹ̀rọ ni ó ń kọ́ ayò, kì í ṣe òun. Ẹ̀yin òbí, bí ìrun kò bá fò, tí iṣẹ́ ilé-ìwé kò dúró, tí kò sì sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ẹ súnmọ́ ọmọ náà, kí ẹ ní kí ó ṣàlàyé ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan fún yín. Bí ó bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti wọlé.