Ọwọ́ Tó Mọ Abọ́ Tíì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn ilẹ̀ Japan, níbi tí ọkùnrin alágbára kan ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn sọ̀yà níwájú gbogbo ìlú.

Toyotomi Hideyoshi ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé mẹ̀kúnnù ló ti jáde, ṣùgbọ́n ogun jíjà sọ ọ́ di aláṣẹ gbogbo Japan. Ní ọdún 1587, ó pe ìpàtẹ ńlá kan sí ojúbọ Kitano ní ìlú Kyoto. Ó ní kí olówó àti tálákà, títí kan àwọn àgbẹ̀, máa bọ̀, kí oníkálùkù mú kẹ́tù kan àti abọ́ kan dání. Ó pàtẹ àwọn ohun èlò tíì rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n, ó sì gbé yàrá tíì kan tí wọ́n fi wúrà bò wá síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n kéde, àmọ́ ọjọ́ kan péré ni ìpàtẹ náà fi wáyé.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣé torí tíì lásán ni? Rárá o. Ní Japan, fífi tíì ṣe àlejò ní ìlànà tirẹ̀. Àlejò á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síwájú àyè kan lára ògiri tí wọ́n fi ìwé gígùn kan kọ́ sí. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí àlùfáà ẹ̀sìn Búdà fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ. Ó sì lè jẹ́ àwòrán òkè àti omi. Onílé ló ń yan èyí tó bá àsìkò àti àlejò mu. Lẹ́yìn èyí, àlejò á gba abọ́, á mu tíì, á sì yí abọ́ náà wò lọ́wọ́. Bí àlejò bá lọ tán, onílé á ká ìwé náà, á sì tọ́jú rẹ̀. Ìpàtẹ tí à ń fọwọ́ kàn nìyẹn.

Sen no Rikyu ni ọ̀gá tíì lọ́dọ̀ Hideyoshi. Kò bìkítà fún ohun tó ń dán. Abọ́ dúdú tàbí pupa tí amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Chojiro fi ọwọ́ mọ, láìlo ẹ̀rọ tó ń yí, ni ó yàn láàyò. Nígbà tí mo kà á, àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ló wá sí mi lọ́kàn, nítorí ọwọ́ lásán ni àwọn náà fi ń mọ ọ́n.

Kí wá ni èrè wọn? Ní ọdún 1591, Hideyoshi pàṣẹ pé kí Rikyu pa ara rẹ̀, arúgbó náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hideyoshi gbógun ti Kòríà. Títí ogun náà fi parí ní 1598, àwọn ọmọ ogun Japan kó ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò Kòríà nígbèkùn lọ sí ilẹ̀ wọn. Abọ́ Kòríà kan wà lára ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè Japan lónìí. Kizaemon ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣòwò kan tó ni ín nígbà kan rí. Orúkọ ẹni tó mọ ọ́n ti parun.

Ẹ̀kọ́ amọ̀ Japan dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Bernard Leach, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ọ ní Japan. Michael Cardew kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí, ní àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́, obìnrin tí àbúrò òbí rẹ̀ ti kọ́ ní ìmọkòkò láti kékeré. Ẹ yẹ ogún náírà wò: òun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ìkòkò rẹ̀.

Lójú tèmi, ìpàtẹ tó bá fi ohun ẹlẹ́wà hàn láìdárúkọ ẹni tó ṣe é, ìdajì ìtàn ló sọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùkọ́ wa bá tún kó wa lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ má jẹ́ kí á béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí á béèrè ọwọ́ ta ló ṣe é, àti ta ló ń fi í sọ̀yà.